Ìbéèrè Kejì

Eruku ọ̀nà Kambolé kì í wo aṣọ kó tó bà lé e. Lọ́jọ́ tí Àkànó kọ́kọ́ gun alùpùpù wọ ìlú náà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó di táì, ó so àpótí ìwé mọ́ ẹ̀yìn, ó sì dá a lójú pé gbogbo ẹni tó bá rí òun á mọ̀ pé ọ̀gá kan ló dé. Ìgbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ níwájú kabíìnì, ilé ìpè kékeré tí wọ́n fi pákó kàn sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí, irun orí rẹ̀ ti pọ́n bí ti ẹni tó ti inú ihò òkété jáde.

Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ kabíìnì náà wò ó látòkè délẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Monsieur. Omi wà nínú búútà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ bọ́jú, ká lè mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀."

Bí Àkànó ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Sèínábù nìyẹn. Ó bọ́jú. Nígbà tó gbójú sókè, ọmọbìnrin náà ti gbé àga fún un, ó sì ń fi etí gèlè pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

Oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni, ọyẹ́ ń fẹ́, iṣu kún àká káàkiri. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà ní Kouloundè, àdúgbò kan ní Sokodé, ní ilẹ̀ Togo, àwọn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní Pàtírọ̀n, Tàjùdíìnì lorúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Tem. Ètò inú kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n sọ ní Ẹrù-Dé. Àgbẹ̀ tàbí alájàpá tó bá ní iṣu láti kó lọ sí Sokodé á wá sí kabíìnì, á sọ ohun tó ní, kabíìnì á pe Kouloundè, kọ̀ǹpútà á sì wá awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo lójú ọ̀nà fún un. Iṣu kò ní í dúró sínú oòrùn mọ́, awakọ̀ kò sì ní í gbé afẹ́fẹ́ lásán padà sílé. Ètò náà ti gbilẹ̀ ní Sokodé, ó ti dé Tchamba, Pàtírọ̀n sì ti ń fojú sí ìlú Kara.

Àṣírù ló ń kọ ètò náà sínú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ti Àkànó yàtọ̀. Òun ló ní láti mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́, kó sọ ọ́ fún Àṣírù ní ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè gbọ́, kó sì rí i pé ẹni tó bá wọlé kò jáde. Ìyẹn gan-an ló le jù. Pàtírọ̀n máa ń sọ pé, "Ẹnikẹ́ni lè pe èèyàn wọlé. Kí wọ́n jókòó ni iṣẹ́."

Iṣẹ́ náà bá Àkànó lára mu, torí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kì í sinmi. Láti kékeré ni kò ti lè rí nǹkan kó má kà á. Ó mọ iye òpó iná tó wà láti ọjà Sokodé dé ilé wọn. Ọmọ Kambolé ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ tí ìjọba gbé lọ sí Sokodé, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Àkànó ń sọ èdè ilé, ó ti ka ìṣirò dé université ní Lomé, ṣùgbọ́n kò kọ ebè rí lójú ayé rẹ̀.

Ó tẹ́ ìwé tó gbé wá sórí tábìlì, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí i.

"Ìbéèrè méje péré ni. Ìkíní, orúkọ. Ìkejì, iṣu mélòó lẹ ní nínú àká? Ìkẹta, ọjọ́ wo…"

"Ìbéèrè kejì yìí," Sèínábù dá a dúró, "ṣé dandan ni?"

"Dandan ni. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ iye iṣu, báwo ló ṣe máa mọ ọkọ̀ tó máa gbé e?"

Sèínábù gbé bíírò, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ó dáa, Monsieur. Ẹ̀yin lẹ lọ sí université."

Àkànó rò pé ó yin òun ni.

* * *

Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Sèínábù á pe Kouloundè, á ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó yá, tí orúkọ bá tán, ọ̀rọ̀ kò tán. Àkànó a máa pa àlọ́ fún un, òun náà a máa pa tirẹ̀.

"Kí ló ń dé Kouloundè lójoojúmọ́, tí eruku kò kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rí?"

Àkànó ronú. "Òjò?"

"Nínú ọyẹ́ yìí? Ẹ tún un rò."

"Ẹyẹ?"

"Ẹyẹ wo ló mọ Kouloundè?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ohùn mi ni, Monsieur. Ohùn mi ni."

Ó pa fóònù náà. Àkànó di ohun ìpè mú sétí títí Àṣírù fi bi í bóyá ìlà ti já.

Kò pẹ́ tí "Monsieur" fi di "Àkànó", tí "ẹ" sì di "o". Nínú oṣù Kìíní, Àkànó ní òun fẹ́ máa wá sí Kambolé lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́, kí àwọn lè máa sọ̀rọ̀ dáadáa. Sèínábù dá a lóhùn.

"Àkànó, ilé wa ní ẹnu ọ̀nà. A kì í gba inú wáyà wọ ilé bàbá mi. Bó bá jẹ́ èmi lò ń fẹ́, wá ẹni tó máa ṣíwájú rẹ."

Ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ kò jìnnà. Tàńtí Jàríátù, àbúrò bàbá Sèínábù, ló ń ta òwú àti bọ́tìnì níwájú ilé iṣẹ́ wọn ní Kouloundè. Obìnrin tó lè bá òkúta ṣe àwàdà ni. Nígbà tí Àkànó ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó ká òwú ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Ìwọ náà? Ìwọ tí mò ń rí lójú fèrèsé, tí ò ń fi ìka tẹ nǹkan kọ́kọ́kọ́ bí ẹni tó ń wá iná lórí ọmọ? Ẹ̀gbọ́n mi á bi mí pé kí ni ìwọ ń ṣe. Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ sọ pé mò ń bá àwọn èèyàn wá ọkọ̀."

"Kò burú. Bóyá o lè bá Sèínábù wá ọkọ náà." Ó pàtẹ́wọ́. "Lọ ra obì. Obì gidi o, kì í ṣe èyí tí kòkòrò ti ṣe yìgì fún."

* * *

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kejì ni wọ́n lọ sí Kambolé: Àkànó, Tàńtí Jàríátù, àti Dàda, àbúrò bàbá Àkànó, tó wá sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé wọn. Bàbá Abọ́dúnrìn, bàbá Sèínábù, gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àgbẹ̀ gíga ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ó béèrè ìdílé Àkànó, ó rántí bàbá rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn àlejò wá wo oko ẹ̀yìnkùlé.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni bàbá yìí ń mú dé ìdí àká. Jàríátù fi ìgbúnwọ́ gbún Àkànó, bí ẹni sọ pé, ó ti dáa fún ọ. Àká náà ga, wọ́n so iṣu mọ́ àwọn òpó igi ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀, ibòji igi ẹmi sì bò ó. Inú Àkànó dùn. Ó fẹ́ fi han bàbá pé òun rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pé ojú òun kì í ṣe ojú ẹni tó ń wo nǹkan lásán. Ó na ìka, ó ń gbé e láti òpó dé òpó, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ẹsẹ̀ méjìlélógún, ọgọ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan… Ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀ọ́dúnrún àti ogún! Bàbá, iṣu yín jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀ọ́dúnrún àti ogún!"

Dàda wo bàtà ara rẹ̀. Jàríátù wúkọ́. Bàbá Abọ́dúnrìn sọ nǹkan kan lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run, ó tún un sọ, ó tún un sọ nígbà kẹta, ó sì yí padà sílé.

Nígbà tí wọ́n jókòó, obì wà nínú àwo. Bàbá kò fọwọ́ kàn án.

"Iṣẹ́ tí ojú mi kò rí ni ọmọ yín ń ṣe," ó sọ fún Dàda. "Ṣùgbọ́n mo ti wádìí. Ogójì èèyàn ló wọ inú ìwé wọn ní Kambolé yìí. Mélòó ló kù? Mẹ́sàn-án. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti jáde." Ó yíjú sí Àkànó, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. "Ẹni tí oníbàárà ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé ìyàwó ló máa dúró?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mi ò lé yín. Bí iṣu tuntun bá jáde tí àwọn èèyàn Kambolé sì jókòó sọ́dọ̀ yín, ẹ gbé obì yín padà wá, màá jẹ ẹ́. Bí wọn kò bá jókòó, Jímọ́ọ̀ oníkáàmíọ̀n tó wà ní Bàntè ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọmọ yìí. Òun, mo rí ọkọ̀ rẹ̀."

Sèínábù wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Àkànó rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ náà. Ó rí i tó fà á sẹ́yìn.

Lójú ọ̀nà, Àkànó ń bi wọ́n léèrè: "Kí ni mo ṣe? Ara wọn yá mọ́ wa nígbà tí a dé."

"Ọ̀rọ̀ kan wà," Dàda dáhùn, "tí ẹni tó bá tún un sọ ti tún un ṣe. Jẹ́ á máa lọ."

* * *

Bí ènìyàn bá fún Àkànó ní àdììtú, ó dàbí ẹni pé ó fún un ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n èyí kò ṣe é jẹ, ó há a lọ́nà ọ̀fun. Kí ló ń lé àwọn èèyàn Kambolé lọ? Ní Sokodé, tó jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ọjà ni oníbàárà, wọ́n jókòó. Ní Tchamba, ìdajì ló jókòó. Ní Kambolé tí gbogbo wọn jẹ́ àgbẹ̀ àti ìyàwó àgbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń yọ́ lọ bí omi inú agbọ̀n.

Ó dín owó tí oníbàárà ń san lóṣooṣù kù. Wọ́n kò padà. Ó ní kí Sèínábù fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ọṣẹ kan. Wọ́n wá, wọ́n gba ọṣẹ, wọ́n lọ.

"Wọ́n fi ọṣẹ wa wẹ̀," Àṣírù sọ, "wọ́n sì wẹ̀ wá nù."

Pàtírọ̀n kò rẹ́rìn-ín. "Àkànó, mo fún Kambolé di ìparí oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, c'est fini, ó tán. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí lọ sí Kara."

Nígbà náà ni Àkànó ní kí wọ́n fi gbogbo ìwé Kambolé ránṣẹ́ sí òun. Ó tẹ́ wọn sórí ilẹ̀ yàrá, ó ń rá kòrò láàárín wọn. Orúkọ yàtọ̀, ọjọ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n níwájú ìbéèrè kejì, ọwọ́ Sèínábù ń kọ ohun kan náà ṣáá. Ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀. Ọgọ́rùn-ún. Ọlọ́run ló mọ̀. Ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀.

Ó fi wọ́n wé ìwé àwọn awakọ̀, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Obìnrin kan, Ìyábọ̀, sọ pé ọgọ́rùn-ún iṣu lòun ní. Ẹ̀rọ rán bàṣéè sí i, ọkọ̀ kékeré onítápólì. Ẹrù Ìyábọ̀ kún káàmíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Bàṣéè gbé díẹ̀, ìyókù wà nínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì bàjẹ́. Ìyábọ̀ kò padà wá mọ́. Bó ṣe rí fún un ló rí fún àwọn tó kù. Wọ́n purọ́ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ rán ọkọ̀ tí kò tó, ẹrù bàjẹ́, wọ́n sì bínú lọ.

Inú Àkànó dùn bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí Sèínábù tó ka orúkọ kankan, ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti rí i! Irọ́ ni wọ́n ń pa! Àwọn èèyàn rẹ, òpùrọ́ ni gbogbo wọn!"

"Àwọn èèyàn ta ni?"

"Àwọn ará Kambolé. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò le, iṣu mélòó, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀! Ta ló lè ní nǹkan tí kò mọ iye rẹ̀?"

Ohùn Sèínábù tutù bí omi àmù.

"Àkànó, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí?"

"Ọlọ́run ló mọ̀," ni Àkànó dáhùn.

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ wọn láti kékeré nìyẹn, bí nọ́ọ̀sì bá béèrè, bí àlejò bá béèrè: Ọlọ́run ló mọ̀, Òun ló fún wa. Wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn kì í na ìka sí ohun tí Ọlọ́run fúnni, kí ojú má baà wọ̀ ọ́. Òun tó máa ń ka òpó iná, kò ka àwọn àbúrò rẹ̀ rí.

Ó jókòó. Àga náà dún. Ó rí àká kan lábẹ́ igi ẹmi, ó rí ìka ara rẹ̀ tó ń ti òpó bọ́ sí òpó, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn ńlá tó dùn mọ́ ara rẹ̀.

"Yéè! Sèínábù. Mo ka iṣu bàbá rẹ."

"O kà á."

"Níwájú àlejò."

"O tún nàka sí i." Ohùn rẹ̀ ti ń yọ́ díẹ̀. "Bàbá mi ṣàdúrà sórí àká yẹn fún ọjọ́ méje."

"Ìdí tí wọ́n fi ka àwọn oníbàárà mi sí mi lójú nìyẹn? Mẹ́sàn-án, mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Kí o lè mọ bó ṣe ń rí lára. O ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ìwọ kò fi sọ fún mi?"

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá ó di dandan." Ó mí. "O ní dandan ni, Monsieur."

* * *

Ó rọrùn láti mọ ohun tí kò dára, àtúnṣe ló ń lé òógùn jáde. Nígbà tí Àkànó sọ fún Pàtírọ̀n pé kí wọ́n yọ ìbéèrè kejì, ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí oòrùn ti pa.

"Kọ̀ǹpútà láìsí nọ́ńbà? Ìwọ tí o ka mathématiques?"

"Pàtírọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Tàjùdíìnì la ẹnu. Ó pa á dé. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n níkùn. "Ọmọ yìí! Ìyá mi ì bá gbá ọ létí. Kí lo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?"

"Ọkọ̀ wo ló gbé ẹrù yín lọ́dún tó kọjá? Alùpùpù, bàṣéè, tàbí káàmíọ̀n? A ò ní í bi wọ́n ní ohun tó wà nínú àká. Ohun tó ti jáde ní àká lójú gbogbo ayé la máa bi wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni, ó sì tó fún ẹ̀rọ."

"Bí wọn kò bá padà ńkọ́?"

"Kí èmi náà jáde."

Pàtírọ̀n na ọwọ́ sí i. "D'accord, mo gbà. Ìwọ lo sọ ọ́ o."

Àṣírù tún ètò náà kọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àkànó fúnra rẹ̀ gun alùpùpù lọ sí Kambolé, láìdi táì lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú Tàńtí Jàríátù. Ìyábọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ṣé ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka iṣu ni?"

"Èmi ni, ìyá. Ẹ má bínú. Mi ò kà mọ́."

"Iṣu mi tó bàjẹ́ ńkọ́?"

"Èmi ló bà á jẹ́. Ẹ dán wa wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọkọ̀ kò bá tó, orí mi ni kí ẹ kó ìyókù lé."

Ìyábọ̀ wo orí rẹ̀. "Ó kéré," ó sọ. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó sì wá sí kabíìnì lọ́jọ́ kejì. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan péré, "káàmíọ̀n", káàmíọ̀n sì dé. Kò fi iṣu kan sílẹ̀. Àwọn tó rí i wá. Àwọn tó gbọ́ náà wá. Ìparí oṣù Kẹrin kọjá, Pàtírọ̀n kò sì tún dárúkọ ìparí mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Àkànó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó kó Àṣírù àti àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin ti Kouloundè lẹ́yìn, wọ́n lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko Bàbá Abọ́dúnrìn, bí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹni ṣe ń ṣe ní Kambolé láti ayébáyé. Wọ́n kí bàbá, wọ́n gbé ọkọ́. Bàbá kò sọ pé kí wọ́n má ṣe é, kò sì sọ pé kí wọ́n ṣe é.

Kí oòrùn tó dé àárín, àtẹ́lẹwọ́ Àṣírù ti wú. "Ìka tí mo fi ń kọ ètò nìyí!" ó ń ké. "Àkànó, bí mi ò bá lè tẹ nǹkan mọ́, ìwọ lo máa gbé mi níyàwó!" Àwọn ọlọ́kadà ń fi í rẹ́rìn-ín. Ebè Àkànó wọ́, ó rí bí fìlà tí ẹnìkan jókòó lé, ṣùgbọ́n kò dúró.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, bàbá gbé omi wá fún wọn, ó gbé e sílẹ̀, ó mú ọkọ́, ó ń kọ ebè tirẹ̀. Àṣírù nà, ó fi ọwọ́ di ìbàdí, ó wo ẹ̀yìn wọn.

"Àkànó, ìwọ tí o máa ń kà. Ebè mélòó la ti kọ?"

Ọkọ́ bàbá dúró nínú afẹ́fẹ́.

Àkànó mọ iye náà. Ó ti wà ní orí rẹ̀ láti òwúrọ̀, kò lè ṣe kí ó má wà níbẹ̀. Ó nu ojú, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó dé.

"Ọlọ́run ló mọ̀."

Bàbá Abọ́dúnrìn sọ ọkọ́ kalẹ̀, ó bu omi sínú igbá, ó sì gbé igbá náà fún Àkànó kó tó fún ẹnikẹ́ni.

* * *

Oṣù Kẹjọ, iṣu tuntun jáde. Ní Kouloundè, tábìlì ti di mẹ́jọ, Kara ti ṣí, gbogbo ibi tí Ẹrù-Dé bá sì dé, ìbéèrè tuntun náà ni wọ́n ń lò. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní ìbéèrè Kambolé. Bí ará Kambolé kan bá gbọ́ ọ ní ọjà Sokodé, àyà rẹ̀ á yọ síwájú. "Ọ̀dọ̀ wa ló ti jáde o," wọ́n á sọ. "Ọmọ wa ló ronú ẹ̀."

Ṣùgbọ́n Àkànó kò lọ sí Kambolé. Ó ti pinnu láti dúró. Ó mọ ohun tí bàbá sọ, ó sì ń bẹ̀rù kó má jẹ́ pé bàbá ń ka àwọn oníbàárà náà síbẹ̀, pé ẹnìkan tó jáde ló máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Jímọ́ọ̀ ti Bàntè sì tún ti gba ìlú náà kọjá, ó fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ilé.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kan, Sèínábù pè. Ó ka orúkọ. Orúkọ náà pọ̀ débi pé bíírò Àkànó gbẹ, ó yá ti Àṣírù. Nígbà tí Sèínábù dé ìparí, ó dúró.

"Ó ku ẹnì kan," ó sọ. "Òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ó jókòó níbí, níwájú mi, ó ń gbọ́."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Abọ́dúnrìn, àgbẹ̀, Kambolé."

Àkànó dìde. "Ọkọ̀ wo?"

"Káàmíọ̀n." Ó mí. "Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò ka àwọn tó ń wá sí kabíìnì yìí. Òun kàn wo ìlà wọn láti mọ́sáláṣí. Ó ní ó kún. Àti pé…"

Ohùn àgbàlagbà kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àkànó?"

"Bàbá!"

"Káàmíọ̀n ni mo ní. Kí ìwọ fúnra rẹ bá a wá. Má gbé e wá lófìfo. Obì kì í gba àyè púpọ̀."

* * *

Wọ́n so yìgì wọn ní Kambolé ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí eruku tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ funfun. Wọ́n wá láti Tchamba, wọ́n wá láti Sokodé. Àwọn ìbátan ìyàwó ré ààlà kọjá láti ilẹ̀ Benin. Àwọn awakọ̀ Ẹrù-Dé to ọkọ̀ wọn láti ẹnu mọ́sáláṣí dé ìdí kabíìnì, kò sì sí ọ̀kan tó dé lófìfo. Ìyábọ̀ jókòó síwájú, ó ń sọ fún ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́ pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó padà. Jàríátù wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó ń gba ọpẹ́ lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó bí ọkọ, tó sì bí ìyàwó.

Oníṣòwò ńlá kan wà níbẹ̀ láti Lomé, ẹni tó fẹ́ bá Pàtírọ̀n dòwò pọ̀. Lẹ́yìn tí lèmọ́mù ṣàdúrà tán, ó yíjú sí Bàbá Abọ́dúnrìn, ó ń wo ogunlọ́gọ̀ náà.

"Bàbá, ẹ kú oríire. Wọ́n ní gbogbo àwọn wọ̀nyí, oníbàárà ọkọ ọmọ yín ni. Wọ́n tó mélòó?"

Bàbá tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ débi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ẹ bi ọmọ mi," ó sọ, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Àkànó, kò lo ìka. "Òun ló ka ìwé ìṣirò."

Gbogbo ojú yí padà. Sèínábù gbójú sókè lábẹ́ ìbòrí rẹ̀.

Àkànó wo àwọn èèyàn Kambolé, láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá," ó dáhùn, "wọ́n kún ilé."